Níwájú Àga Kẹsàn-án ní Ọjọ́ Eré Keje

Òórùn bílíìṣì àti fínígà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa. Bílíìṣì la fi ń nu àga, fínígà la fi ń ṣan inú àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá délé ní Mission Bend tí mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn yẹn ṣì máa wà ní ìdí èékánná mi. Àga mẹ́rìndínlógún ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, tẹlifíṣàn kékeré kan sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, kálukú á máa wo tirẹ̀: ìròyìn, ìwàásù, àwọn tó ń se oúnjẹ. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, nínú oṣù kẹwàá ọdún mélòó kan sẹ́yìn, béèsìbọ́ọ̀lù ni gbogbo tẹlifíṣàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ń sọ.

Èmi kì í wo eré kankan, o mọ̀ mí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa béèsìbọ́ọ̀lù, ẹnu àwọn tó jókòó sórí àga wọ̀nyẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ ìlú wa àti ẹgbẹ́ kejì ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n sì ti borí ara wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Eré keje, tí wọ́n máa ṣe ní Houston níbí lọ́jọ́ Túsìdeè, ló máa sọ ẹni tó ń tẹ̀ síwájú àti ẹni tó ń lọ sílé. Láti àárọ̀ Túsìdeè yẹn, ara ẹnikẹ́ni ò balẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé àwọn aláìsàn wá wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ náà. Ìyá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ gbé búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ẹgbẹ́ wá láti ilé. Ẹni tí a bá ti ki abẹ́rẹ́ bọ̀ lápá kò gbọdọ̀ gbé apá náà, àmọ́ wọ́n ń fi apá júwe bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ké níhìn-ín, ó ń ké lọ́hùn-ún, tí mo ń sáré láti àga kan sí òmíràn bí ẹni tó ní ìkòkò mẹ́fà lórí iná.

Àga kẹsàn-án ni ti Bàbá. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Pasadena. Lẹ́nu iṣẹ́ òru níbẹ̀ ló ti kọ́ eré yìí, láti inú rédíò kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń jẹun. Ó ní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òun rò pé ìjà ìgboro ni wọ́n ń ròyìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn. Èmi nìkan ló ń pè é ní Bàbá, èmi nìkan ló ń tẹ orúnkún díẹ̀ tí mo bá ń kí i, òun náà á sì dá mi lóhùn pé, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò tíì wọ pápá ìṣeré náà rí. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà owó ilé ìwé àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà àìsàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní Austin, ló rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì rà fún eré keje. Ó máa wá gbé bàbá rẹ̀ láti orí àga, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ sí pápá. Láti ìgbà tí Bàbá ti sọ èyí fún mi ni mo ti ń bá a yọ̀.

Nǹkan méjì ló wá bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé kò wá ní Sátidé tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé ni ọjọ́ tirẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ni kò tètè dé, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé eré ló jókòó wò. Láti Tọ́sìdeè, kò sí ẹ̀rọ kankan tó fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gun ìwọ̀n lọ́jọ́ Túsìdeè náà, ó fi kílò márùn-ún àti díẹ̀ ju bó ṣe yẹ kó wúwo lọ. Omi ni gbogbo rẹ̀, omi tí kò rí ọ̀nà jáde, tó ń rọ́ lọ sí ẹsẹ̀, sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn. Èkejì ni pé ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún wa dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Bàbá tó yẹ kó parí ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ló máa wá parí. Aago méje ni eré.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní àga kẹwàá, ọmọ Mẹ́síkò kan tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ jó irin pọ̀ ní etí omi níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Chief ló ń pe Bàbá.

“Chief, ta ni kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún lónìí?”

“Kì í ṣe ọmọ tó jù ú níjẹta o. Apá ẹ̀ ti kú.”

“Ìwọ tí apá ẹ wà nínú ẹ̀rọ lò ń sọ pé apá ẹlòmíì kú!”

“Ẹnu ni mo fi ń ṣe kóòṣì, mi ò lo apá.”

“Tó bá jẹ́ ìwọ ni kóòṣì wa, láti oṣù kẹfà la ò bá ti lọ sílé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ méjèèjì sì ké pọ̀. Àmọ́ mo rí i pé ẹ̀rín Bàbá ò dé ojú. Aago ara ògiri ló ń wò.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ọmọ rẹ̀ dé. Ó wọ jẹ́sì, ó sì gbé òmíràn kọ́ apá fún bàbá rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́. Gíláàsì ló là wá sí méjì pẹ̀lú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń dúró, ibẹ̀ ló sì ń rìn sókè rìn sódò. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbé fóònù sókè kí bàbá rẹ̀ lè rí àwòrán ọ̀nà, bí márosẹ̀ tó wọ àárín ìlú ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń dí i. Tó bá ti rí mi, á fi ìka kan ọwọ́ rẹ̀ níbi tí aago ń wà. Mo di ẹni tí kò lè wo apá ibẹ̀ mọ́.

Aago márùn-ún lù. Bàbá pè mí.

“Ọmọ mi, sún mọ́ mi.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Yọ mí nígbà tó yẹ kí ẹ ti yọ mí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo ba ẹ̀rọ omi yín jẹ́.”

Òótọ́ ni. Mo lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ohun tó ń kọ. “Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni,” ló wí. “Mo ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Gbé ìwé fún un, kó buwọ́ lù ú.”

Ìwé yẹn kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹni tó buwọ́ lù ú ń sọ pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu fún òun, òun gbọ́, òun fẹ́ máa lọ. Mo ti gbé e fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin kan tó fẹ́ lọ se oúnjẹ ọdún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó buwọ́ lù ú, ó dá bírò mi padà. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ tún kò, àga rẹ̀ ṣófo, a sì gbọ́ pé kò ní wá mọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ni mò ń rò bí mo ṣe ń mú ìwé lọ sí àga kẹsàn-án. Bàbá ti na ọwọ́. Ó ti dé fìlà ẹgbẹ́ náà. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ gidi, méjèèjì, lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn, mo fi ìwé pamọ́ sẹ́yìn.

“Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó pé.”

“Dìde.”

“Mi ò ní dìde, Bàbá, àfi tí ẹ bá gbà.”

“Mo ní kí o dìde! Àwọn èèyàn ń wò wá.”

Wọ́n ń wò wá lóòótọ́. Gbogbo ẹnu tó ń júwe bọ́ọ̀lù ti pa mọ́. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì sáré wá, ó rò pé mo ṣubú ni. Ọmọ Mẹ́síkò gbé ojú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá onílé. Lẹ́yìn gíláàsì, ọmọ Bàbá dúró gbọin, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wo orí mi, ó fa fìlà sílẹ̀ títí ó fi bo ojú rẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí láti abẹ́ fìlà. “Ó ti dáa. Dìde.”

Mo dìde. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo rò pé mo ti gba ẹ̀mí kan là.

Ọmọ rẹ̀ wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Auntie, kí lẹ sọ fún Daddy mi?”

“Mo bẹ̀ wọ́n ni.”

“Ẹ bẹ̀ wọ́n,” ló tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Auntie.” Ó padà lọ jókòó, kò sì rìn mọ́.

Àwọn ìṣẹ́jú tó kù lé ní ọgọ́rin, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò tètè dá lójú abẹ́rẹ́. Wọ́n ń fi pápá hàn lórí tẹlifíṣàn, bó ṣe ń kún, èèyàn lórí èèyàn, gbogbo wọn dúró. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni òun àti ọmọ rẹ̀ jáde. Jẹ́sì tí ọmọ náà lọ̀ wà lápá rẹ̀ síbẹ̀.

Èmi tí kì í wo eré, mo dúró sí ìdí àga kẹsàn-án tí mo ń nù, mo wo èyí. Ní abala kìíní nínú mẹ́sàn-án, kí ooru ara Bàbá tó kúrò lórí àga, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù kan tó lọ sókè tí kò padà wá sínú pápá. Ẹni mẹ́ta ló torí rẹ̀ sáré wọlé, àmì mẹ́ta nìyẹn. Gbọ̀ngàn náà hó. Ọmọ Mẹ́síkò fẹ́ dìde tòun ti abẹ́rẹ́ lápá.

“Ẹ má gbé apá yẹn, ẹ jọ̀ọ́!” mo kígbe.

“Chief wà lójú ọ̀nà,” ló wí, ó sì tún jókòó. “Chief wà nínú ọkọ̀.”

Mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wa gbà lọ́jọ́ náà. Abala mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan kan tó wọlé fún wọn mọ́, wọ́n kàn ń di ohun tí wọ́n ti ní mú. Wọ́n borí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé abala kẹrin ni Bàbá àti ọmọ rẹ̀ tó rí ibi jókòó.

Ní Tọ́sìdeè, ó dé, ó gun ìwọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ dára. Ó kí gbogbo èèyàn, ó sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì pé kí ẹlòmíràn máa ki abẹ́rẹ́ fún òun. Mo tẹ orúnkún kí i, ó wo ojú tẹlifíṣàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kò lè sùn dáadáa. Mo máa ń bá a ṣe àròyé nínú ọkọ̀ mi: ẹ ṣì wà láàyè, Bàbá, kí lẹ tún ń fẹ́? Kò sí ọjọ́ kan tí àròyé yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Òun ló pè mí nígbẹ̀yìn. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, òṣómàálò ni yín lóòótọ́. Àwọn bàbá yín á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi san. Ìwọ wá kúnlẹ̀ sẹ́nu àga mi.”

“Ẹ má bínú, sà. Omi yẹn pọ̀ jù lára yín.”

“Mo mọ̀ pé ó pọ̀. Ara mi ni. Tí mo bá kọ̀ fún nọ́ọ̀sì yẹn, mo kọ̀ náà nìyẹn. Ìwọ, o mọ̀ pé mi ò lè kọ̀ fún ọ. O mọ̀ ọ́n kí o tó kúnlẹ̀.”

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí nínú ọkọ̀ nìyẹn. Ìyá mi kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ kí n fi lè rẹ ara mi sílẹ̀ fún àgbà, èmi sì fi de àgbà mọ́ àga. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá ó máa yè é ká ní mo yọ ọ́, mi ò sì fẹ́ parọ́ pé mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù obìnrin tó lọ se oúnjẹ ọdún yẹn ló kúnlẹ̀.

Nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Tọ́sìdeè kan tí kò sí eré kankan, Bàbá ní ó ti rẹ òun, kí n gbé ìwé wá. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù. Mo dúró, n kò kúnlẹ̀. Mo sọ iye omi tó kù lára rẹ̀ fún un, bó ṣe jẹ́ gan-an, mo sọ ohun tó lè ṣe fún un, mo wá na bírò sí i. Ó wò mí, ó ń retí. Mo dúró síbẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Mo yọ abẹ́rẹ́, mo fi òwú tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkàn mi sì ń lù ju ti ọjọ́ eré keje lọ.

“O ṣé, ọmọ mi,” ló wí nígbà tó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tán.

Ó padà wá ní Sátidé.