Ọjọ́ Kan Tí Má-Tẹ̀-Ẹ́ Kò Kúnlẹ̀

Onítáìlì ni bàbá mi. Kò sí ọjọ́ iṣẹ́ tí kì í kúnlẹ̀. Ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, orúnkún ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Tó bá ti tẹ́ táìlì tán, tí sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ, á máa pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá yọjú: "Má tẹ̀ ẹ́!" Bí orúkọ rẹ̀ ṣe di Má-Tẹ̀-Ẹ́ nìyẹn. Ìyá mi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ti kú báyìí. Ibi iṣẹ́ tí àwa méjèèjì jọ ń lọ, èmi nìkan ló ń lọ. Ó rẹ̀ mí. Àmọ́ mo fẹ́ sọ ti ọjọ́ tó lọ gbá gọ́ọ̀fù.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù gọ́ọ̀fù kan tó lókìkí, létí òkun. Ilé ìwẹ̀ wọn ló tẹ́ táìlì sí. Fèrèsé ibẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù nìkan ló ń rí, bàtà funfun, wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí koríko. Ó ní bọ́ọ̀lù kọ́ ló wu òun. Ìrìn yẹn ni.

Látìgbà náà, tí iṣẹ́ ò bá sí, á lọ sí pápá eléruku kan nítòsí ilé wa, á máa fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù àlòkù tí onílé kan fẹ́ dà nù gbá bọ́ọ̀lù. Pápá yẹn ò ní koríko. Kò ní ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà wo orúnkún rẹ̀, ó ní ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bàbá mi jáde níbẹ̀, ó lọ sanwó gọ́ọ̀fù létí òkun. Owó tí ìyá mi rò pé a máa fi tún òrùlé ṣe ni.

"Má-Tẹ̀-Ẹ́, ṣé orí yín pé báyìí? Ihò tó wà lórùlé wa ò tó yín, ẹ tún lọ ń sanwó ihò méjìdínlógún!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọmọ mi, jẹ́ n dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò ní kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn káàkiri pápá. Láti ihò àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ni."

Ìyá mi lọ gbé bẹ́sìnnì sábẹ́ ibi tó ń jò.

Èmi ni mo gbé báàgì. Kílọ́ọ̀bù ní kí atọ́nà kan tẹ̀ lé wa. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbá wa létí. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí bàbá mi gbá yà sínú igbó. Kò bínú. Ó ń rìn gbẹ̀fẹ́.

A dé ibi tí ihò wà. Wọ́n ti gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán. Bàbá mi dúró létí rẹ̀, ó bọ́ bàtà.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?" atọ́nà bi í.

"Ó jọ pé ẹni tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ni."

"Mọ́ṣáláṣí kọ́ nìyí o! Ẹ wọ bàtà yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Dákẹ́ jàre, ọmọ onítáìlì." Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi rìn jáde, bí a ṣe ń jáde nínú yàrá tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ táìlì sí. Níbi gbogbo ihò ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tá a máa fi rìn dé ìdajì, orúnkún rẹ̀ ti wú, ṣòkòtò ti fún mọ́ ọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kọjá wa. Ọ̀gá tó ń bójú tó pápá wa ọkọ̀ kékeré kan wá bá wa.

"Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kò sẹ́ni tó máa bú yín."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ìrìn ni mo sanwó ẹ̀."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

"Mo ti ń wò ó láti àárọ̀."

Ọ̀gá náà wò mí. Mo wo òkun.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ já sínú kòtò oníyanrìn kan. Ó wọ inú rẹ̀. Bó ṣe gbá a, yanrìn yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó ń lọ sílẹ̀. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo bẹ́ sínú kòtò, mo di bẹ́lítì rẹ̀ mú lẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù.

"Ṣé orúnkún mi kan ilẹ̀?" Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Kò kàn án."

"Má parọ́ fún mi o."

"Bàbá, kò kàn án."

"Ó dáa. Fà mí sókè."

Láti ibẹ̀, ó ní kí n máa bá òun gbá bọ́ọ̀lù, kí òun lè fi ìwọ̀nba agbára tó kù rìn. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá. Bọ́ọ̀lù ń lọ síhìn-ín, ó ń lọ sọ́hùn-ún.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," atọ́nà ní, "ṣé ejò lò ń pa ni?"

Bàbá mi di èjìká mi mú. À ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Níbi ihò ìgbẹ̀yìn, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ó gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Ó yí lọ, ó fẹ́ dúró, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ lọ yọ ọ́.

"Fi sílẹ̀. Èmi ni mo máa mú un."

Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan, ó tẹ̀ láti ìbàdí, ó fi ọwọ́ kan gbára lé ọ̀pá, ó na èkejì sínú ihò. Ó pẹ́ kó tó mú un jáde. Ó nàró.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ẹnì kan. Kí ọdún tó parí, àìsàn ọkàn pa á.

Òrùlé wa ṣì ń jò. Tí òjò bá ti rọ̀, ìyá mi á gbé bẹ́sìnnì, á ní, "Má-Tẹ̀-Ẹ́, ẹ ṣeun o." Tó bá yá, á tún pè mí. Ìbéèrè kan náà ni.

"Orúnkún wọn ò kan ilẹ̀ rárá?"

"Kò kàn án, Màámi."

Á mi orí pé ó dáa, á lọ da omi nù.