Bí Mo Ṣe Jẹ́rìí fún Ẹ̀gbọ́n Mi ní Kóòtù Ìkẹjà

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àbẹ́là kan ní Ìkẹjà daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ. Ọlọ́pàá wá mú un ní Dọ̀pẹ̀mú. Wọn kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ìwé àṣẹ kan ni wọ́n mú lọ́wọ́, pé kí wọ́n tì í mọ́lé kó má baà dá rògbòdìyàn sílẹ̀.

“Kí ló ṣe?” ni ìyàwó rẹ̀ ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Lọ́yà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wa wá ní, “Kò ì tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ó lè ṣe é ni.”

“Háà! Ta ni kò lè ṣe é? Èmi náà lè ṣe é!”

Lọ́yà ní a óò bẹ adájọ́ pé kí wọ́n gbé e wá sí kóòtù, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Ẹbí rẹ̀ kan ni yóò búra sí ẹ̀bẹ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì lè jáde. Ó ku èmi, tí n kì í lè wo ojú àlejò.

Nígbà tí a dé kóòtù, mo fi Kùránì búra pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ òyìnbó. Lọ́yà ìjọba bá dìde.

“Ṣé ìyá kan náà ló bí yín?”

“Rárá, sà.”

“Bàbá kan náà ńkọ́?”

“Rárá, sà.”

“Irọ́ lo pa nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Bí wọ́n bá da ìbúra mi nù, inú àhámọ́ náà ni yóò wà. Mo wolẹ̀, mo ní, “Agboolé kan ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Agége, ilé wọn ni mò ń gbé. Wọ́n dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ṣé kí n máa pè wọ́n lórúkọ ni?”

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, “Kó má dán an wò!” Ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó lè túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ògbufọ̀ léèrè ẹni tí àwa Yorùbá ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ó wá ní ìbúra mi dúró, kí wọ́n gbé ọkùnrin náà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó ti rù, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu. Adájọ́ béèrè ohun tó ṣe. Lọ́yà ìjọba kò rí nǹkan mìíràn sọ ju pé wọ́n ń fura sí i. Adájọ́ ní ìfura nìkan kò tó, kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Níta, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ gbé e sí èjìká. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó ná. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn. A dúró dè é.