Ibi Tí A Ti Ń Yí Ìwé Padà

Bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ akọrin wa ní Koumassi Remblais, ní Abidjan níbí, lọ́jọ́ Àìkú, tí gbogbo wa gbé ìwé orin dání, tí a tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rò pé ọ̀mọ̀wé ni wá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tàn yín jẹ. Àwọn tó lè ka àmì orin orí ìlà márùn-ún yẹn nínú wa kò pọ̀ rárá, èmi Ìyá Olúbáyọ̀ kò sì sí lára wọn. Etí la fi ń kọ́ orin. Wọ́n á kọ ọ́ fún wa, a ó gbà á, a ó máa tún un kọ títí yóò fi wọ̀ wá lára. Ẹgbẹ́ akọrin gbọ́dọ̀ gbé ìwé dání ni àwa náà fi ń gbé e. Àmọ́ a mọ ibi tí a ti ń yí i padà. Ibẹ̀ nìkan ni a ti mọ̀wé dáadáa, nítorí pé gbogbo wa la jọ ń yí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Joachim ló ń bá wa ṣe ìwé náà. Ọmọ Sákété ni, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ, ilé ìtẹ̀wé kan ní Treichville ló sì ti ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpolówó ọṣẹ, kò sí èyí tí kì í tò. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ní ọdún 1994, tí ẹnì kan sì bá wọn fi ètò tí wọ́n fi ń kọ orin sínú rẹ̀, Joachim bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn orin wa tó ti fi ọwọ́ kọ láti ọjọ́ pípẹ́ sórí ẹ̀rọ náà.

Mo ti jókòó tì í rí tó ń ṣe é. Ó tẹ àmì orin tán, mo rò pé iṣẹ́ parí, àṣé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan á gun orí ọ̀rọ̀ kejì, á fà wọ́n sọ́tọ̀. Ìrù àmì kan á lọ wọ inú ìlà tó wà lókè, á tì í padà sísàlẹ̀. Á fa ìlà kan gùn, á sún òmíràn jọ, á dín gbogbo rẹ̀ kù, á tún fẹ̀ ẹ́. Àwọn àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà wa, tí ẹ̀rọ náà kò ní, bírò dúdú ló fi ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan tó bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó ní, "Màmá Olúbáyọ̀, ìwé orin tó bá dára, akọrin ò ní mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun."

Mo ní tèmi dára nìyẹn, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà yẹn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Georgette ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo níbi kankan àfi nínú orin. Òun ló ń dá orin fún wa. Orin ìkórè kan wà tí Joachim fúnra rẹ̀ kọ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya tuntun, kò sì sí ìkórè tí a kì í kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Georgette ń dá nínú rẹ̀ nìyí: "Èmi ó máa pe orúkọ Rẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú." Ẹ má fojú ìwé wò ó. Ohùn orin náà gùn, ó ń lọ sókè, ó ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Georgette sì ní ikọ́ fée. Èémí rẹ̀ kò lè gbé e dé òpin.

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó mọ̀ wá. Akọrin tí a bá ti ń káàánú, a kì í jẹ́ kó dá orin mọ́, a ó ní kó lọ sinmi. Ni ọkọ rẹ̀ bá fẹ iwájú ìwé náà débi pé ó parí sórí "títí ilẹ̀", ó wá fún ìyókù mọ́ra sẹ́yìn. Bí a bá dé ibẹ̀, gbogbo wa á yí ìwé padà, fààà! Kí a tó rí ibi tí a máa wò, Georgette ti mí tán. Ìró ìwé bo ìró èémí rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ibẹ̀ náà ni Joachim tún fi í sí.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. A rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Pásítọ̀ wa tilẹ̀ fi í wàásù lọ́jọ́ kan, ó ní ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín "ilẹ̀" àti "yóò fi ṣú" yẹn ń kọ́ wa láti máa dúró de Olúwa. A ṣe àmín gidigidi. Georgette náà ṣe àmín, ó fi ìwé orin bo ẹnu.

Oṣù kẹfà ọdún 1997 ló kú. Òjò ọdún yẹn kò mọ níwọ̀n, gbogbo Remblais di omi. Ikọ́ náà gbé e ní ìyálẹ̀ta, wọ́n sì wá ọkọ̀ tó máa gba inú omi kọjá títí. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Joachim kò sunkún. Kò sunkún nílé, kò sunkún létí sàréè. Ìwé ètò ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, òun ló tò ó, ó sì dára. Kò pẹ́ ló padà síbi iṣẹ́. Ó ń wá sí ìpàdé akọrin, ó ń dúró sí àyè rẹ̀, ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ṣì í kọ. Inú bí mi sí i, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní ọkùnrin yìí, òkúta ló wà láyà rẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan mo se ọbẹ̀ ilá fún un, mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́.

Mo ní, "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, màmá. Ẹ ṣé gan-an."

Mo délé, mo bu èyí tó kù nínú ìkòkò, mo fi kan ẹnu. Mo ti gbàgbé, mi ò fi iyọ̀ sí i rárá. Àfi bí ẹni mu omi gbígbóná. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo jókòó, inú tó ń bí mi sí i sì tán níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú lára bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dun èèyàn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi rìn.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, mo lọ sí Treichville lọ gba káàdì ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣì wà níbẹ̀ tí Ignace àti Pélagie fi wọlé. Ignace ló ń darí wa, ó kẹ́kọ̀ọ́ orin, ó sì níwà. Pélagie ni wọ́n fi rọ́pò Georgette. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ohùn rẹ̀ lágbára, àyà rẹ̀ sì gba èémí púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, irú ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ Abidjan tí orúnkún kì í kan ilẹ̀.

Ignace ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Orin ìkórè yẹn ni. Iwájú ìwé fẹ̀ jù, ẹ̀yìn fún jù. Tí ẹ bá lè dín in kù díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á gba ojú kan. A kàn ń já ọ̀rọ̀ sí méjì nítorí ìwé."

Pélagie ní, "Tonton, pardon, èmi lè gbé e dé òpin o. Mo ní souffle, èémí mi gùn, dèh! Bí wọ́n ṣe ń yí page yẹn, ó ń gé ohùn mọ́ mi lẹ́nu."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Joachim wo Pélagie, ó wo Ignace.

"Ó dáa," ló sọ.

Ìṣojú wa ló ti ṣe é. Ó ṣí orin náà sójú kọ̀ǹpútà, ó mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dín in kù. Àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀ wá síwájú. Mo rí "yóò fi ṣú" tó gòkè wá, tó jókòó ti "títí ilẹ̀". Wọn ò jókòó tira rí. Àyè wọn fún díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń fara gbún ọ̀rọ̀, ó fà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n lè ṣeé kà. Ignace ní ó ti dára bẹ́ẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Joachim ti sọ fún wọn pé ìwé tuntun náà á dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè gan-an, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn.

Ó ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ibẹ̀ ni Georgette ti máa ń mí."

Mo ní kí ló ń sọ. Ìgbà náà ló sọ ohun tí mo ti sọ fún yín níṣàájú fún mi, bí ẹni ń júwe ọ̀nà Adjamé fún àlejò.

"Joachim! O ò sọ fún wọn!"

"Kí ni kí n sọ, màmá?"

"Pé kí wọ́n fi í sílẹ̀! Kí ló tún kù tó jẹ́ ti Georgette nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Aṣọ akọrin rẹ̀, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn. Àyè rẹ̀, ọmọ yìí ti dúró síbẹ̀. Ibi tó ti ń mí yẹn nìkan ló kù, ìwọ ló sì wá fi ọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́."

"Ẹni tó ń mí níbẹ̀ ti lọ. Ọmọ yẹn ní èémí tirẹ̀."

"Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

Ó rò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ti jẹun. "Mi ò mọ̀, màmá. Mò ń retí kó dùn mí. Kò tíì dé."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo gbé ti ọjọ́ yẹn mì.

Ìwé àtijọ́ la fi ṣe ìdánrawò tó kẹ́yìn, nítorí tuntun kò tíì dé. Ignace kìlọ̀ fún wa pé lọ́jọ́ Àìkú, a ò ní yí ìwé, a ò ní dúró, tààrà la ó lọ. A ní ó ti yé wa. Ọ̀rọ̀ tètè máa ń yé wa, àtiṣe é ni kì í yá.

Ọjọ́ ìkórè pé. Iṣu, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Wọ́n pín ìwé tuntun fún wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì ń rùn tadà. Orin wà lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mo wẹ̀yìn wo Joachim láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀. Ó gbé tirẹ̀ dání bíi tiwa.

Pélagie gbé orin. Ohùn ọmọ náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ́ máa bínú sí i, mi ò rí ibi gbé e gbà. "Èmi ó máa pe orúkọ Rẹ títí ilẹ̀…"

Fààà! Gbogbo wa yí ìwé padà. Èmi náà yí i, èmi tí mo mọ̀! Ọwọ́ mi ti yí i kí n tó ráyè bá a wí. Ẹ̀yìn ìwé funfun ń wò wá, àwa náà ń wò ó. Ọwọ́ Ignace dúró sókè. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́.

Pélagie ńkọ́? Ọmọ tó ní souffle? Orí itan ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ orin yẹn látẹnu Georgette. Òun náà dúró. Mo gbọ́ ọ tó la ẹnu, tó fa èémí sínú, níbẹ̀ gan-an.

Mo tún gbọ́ èémí mìíràn láti ẹ̀yìn, ti ọkùnrin, bí ìgbà tí ẹni tó rì bá yọrí lómi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹkún. Mi ò wẹ̀yìn. A bọ́ sórí "yóò fi ṣú", a kọ orin wa tán, ohùn ìsàlẹ̀ sì dín ọ̀kan.

Nígbà tí a jáde, Joachim jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ wú. Ignace wá bá a, kò mọ ohun tó ń ṣe é, ó rò pé ti òkú ọ̀fọ̀ náà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ìwé yẹn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn màmá wa yìí ò lè yí padà mọ́." Joachim mi orí. Ignace lọ.

Mo jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mú un le.

"Ó ti dé, màmá," ló wí. "Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ dúró de Georgette. Gbogbo yín, ẹ dúró dè é."

Mo mọ ohun tó dá wa dúró. Ìwé ni, àti ọwọ́ tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo sọ fún un. "A dúró dè é."