Òkò Ń Bọ̀, Kò Yẹ̀

Àbúrò mi wà lókè nínú afẹ́fẹ́, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, apá rẹ̀ kan ṣoṣo ni màmá àgbà dì mú, nígbà tí Àkànní inú tẹlifíṣọ̀n fi igi gbá bọ́ọ̀lù náà. Láti pálọ̀ níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà ni ìró igi yẹn ti dé inú kíṣìnì: gbàgà! Èrò pápá hó yèè. Ìyá mi, tí kò tíì pẹ́ tó bímọ, figbe ta lórí àga: "Màmá, ọmọ o! Ẹ rọra!" Màmá àgbà kò sọ ọmọ kalẹ̀. Ṣe ni wọ́n tún gbé e sókè sí i, wọ́n kọjú sí pálọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀:

"Àkànní! Òkò ń bọ̀, kò yẹ̀! A-dúró-gbọingbọin bí òpó ààfin! Ọmọ a-gbá-òkò-wọ-sánmà, kí sánmà tó bi í léèrè, ó ti délé!"

Omi ti kún ilẹ̀ kíṣìnì. Òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí gba gbogbo ilé. Àbúrò mi kò tilẹ̀ sunkún, ó kàn ranjú mọ́ màmá àgbà. Èmi náà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi kò lè padé.

Williamsbridge là ń gbé nígbà náà, ní Bronx, lókè ilé bàbá Jamaica kan tó fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì, tó sì máa ń sọ pé bésíbọ́ọ̀lù kì í ṣe eré gidi. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Ọ̀yọ́ wá láti bá wa wẹ ọmọ tuntun. Yìnyín ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lẹ́bàá títì nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wọ súwẹ́tà lórí súwẹ́tà, wọ́n sì ń bi bàbá mi bóyá ara oòrùn ìlú yìí kò yá ni. Aránṣọ ni wọ́n. Bí ènìyàn bá wọlé, èjìká rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

Bàbá mi ló kó bésíbọ́ọ̀lù ràn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni, tó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, bàtà kò ní tíì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí yóò ti tan tẹlifíṣọ̀n sí ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ Bronx. Màmá àgbà kò tíì sinmi ìrìn àjò tán lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n rí ọkùnrin dúdú gíga kan tó di igi mú, wọ́n sì rí òmíràn tó ń fi gbogbo agbára ju nǹkan funfun kan sí i. Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀wà.

"Kí ni ọmọ yìí ṣe tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lókò?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Eré ni. Bọ́ọ̀lù ni ẹni yẹn ń jù, eléyìí fẹ́ fi igi gbá a. Tó bá gbá a dáadáa, á sáré yí pápá ká padà sílé. Tó bá tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á lọ jókòó."

"Bọ́ọ̀lù yẹn, ṣé ó le?"

"Ó le bí òkúta, Màmá."

"Kò sì sá?"

"Kò gbọdọ̀ sá. Tó bá sá, kò ní lè gbá a."

Màmá àgbà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n débi pé bàbá mi kò rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà," ni wọ́n wí. "Ọmọ ta ni yìí?"

Bàbá mi sọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ ọkùnrin náà fún wọn, torí nọ́ńbà yẹn ni gbogbo Bronx fi ń pè é. Inú bí wọn. "Nọ́ńbà? Ta ló ń fi nọ́ńbà pe ọmọ ọlọ́mọ tó dúró níwájú òkò?" Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Àkànní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ní oríkì. Ṣùgbọ́n màmá àgbà kò lè kì ẹnikẹ́ni láìmọ ilé baba rẹ̀, nítorí náà wọ́n wo èjìká oníkálukú, wọ́n sì pín ilé fún un. Ẹni kúkúrú tó ń sáré gan-an di Àlàó, ọmọ ọdẹ. Òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń ju bọ́ọ̀lù di Àjàmú, wọ́n sì fi í sí ìdílé ahunṣọ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, òun náà ò pè wọ́n lórúkọ mìíràn mọ́.

Nígbà náà, Yorùbá mi kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" lọ, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu mi bí àkàrà tí kò wú. Màmá àgbà ń pè mí ní Àníkẹ́. Oríkì àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ni mo fi kọ́ èdè. Mo máa ń kì wọ́n tí mo bá ń lọ sílé ìwé, lábẹ́ afárá tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, màá sì dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá ń pariwo lókè kí n tó gbé ohùn sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ mi.

Ẹgbẹ́ wa dára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Wọ́n ń borí ṣáá ni. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí inú bàbá mi dùn dé góńgó, ó ní: "Màmá, ìparí Oṣù Kẹsàn-án ni tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ yín wọ̀nyí bá lè wọ ìdíje àṣekágbá Oṣù Kẹwàá, mo máa sún un síwájú. Ẹ ò ní lọ títí wọ́n á fi gbá èyí tó kẹ́yìn."

Bóyá àwàdà ni. Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ibùsùn, mo sì fi ṣe àdúrà. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń borí, màmá àgbà kò ní lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ooru dé, ẹgbẹ́ wa sì bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi lónìí ni wọ́n ń fìdí rẹmi lọ́la. Àkànní ló burú jù. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, igi rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Bàbá Jamaica á kígbe láti ìsàlẹ̀ pé ṣé a ti ṣe tán láti wá wo kíríkẹ́ẹ̀tì báyìí. Ó sú bàbá mi pàápàá. Ó ju rìmóòtù sórí àga, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á, jàre!"

Màmá àgbà yíjú sí i. "Ta ni kí wọ́n tà? Ṣé ẹrú ni?"

Bàbá mi mú rìmóòtù náà padà. N kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àárín ìgbà burúkú yẹn ni bàbá mi mú èmi àti màmá àgbà lọ sí pápá, lọ́sàn-án Sátidé kan. A wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú èrò tó ń gbóòórùn òógùn àti ìpara oòrùn. Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn tán tí pápá yọ sí wa lójú, màmá àgbà dúró, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀ lójú, ó gbòòrò, ó sì gún régé bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. "Ọlọ́run ò," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. "Nínú Bronx yìí náà?" Òórùn àlùbọ́sà díndín àti gúgúrú gba afẹ́fẹ́. A jókòó sókè pátápátá, níbi tí ènìyàn ti dà bí àtàǹpàkò.

Nígbà tí Àkànní jáde, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gùn bọ̀ sọ́dọ̀ wa: "Búùùù!"

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni màmá àgbà bèèrè.

"Wọ́n ń bú u ni, Màmá," ni bàbá mi wí.

Màmá àgbà dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ká ìborùn wọn mọ́ èjìká, wọ́n sì gbé ohùn sókè. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu wọn. Kì í ṣe ti kíṣìnì. "Àkànní! Òkò ń bọ̀, kò yẹ̀!" Ara mi bù máṣọ. Èrò ń wò wá. Òkò àkọ́kọ́ wá, Àkànní tàsé rẹ̀. Èkejì wá, ó tàsé rẹ̀. Ẹ̀kẹta wá, ó tàsé rẹ̀, ó yí padà, ó ń doríkodò lọ jókòó, ariwo náà sì le sí i. Màmá àgbà kò dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé baba rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń tò ó ní baba dé baba.

Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà. "Màmá, ó ti kùnà. Ó ti tán." Nígbà tí wọn kò dá a lóhùn, ó bi bàbá mi léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

Bàbá mi dá a lóhùn: "Wọ́n ń rán an létí ọmọ ẹni tó jẹ́."

Ọkùnrin náà wo màmá àgbà títí. Kò búùù mọ́ ní ọ̀sán yẹn.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà ni bàbá mi ti ṣàlàyé pé ọ̀gá pátápátá nínú eré náà, bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò kùnà tó ẹ̀ẹ̀méje. Màmá àgbà fi ọwọ́ lé àyà. "Ẹ̀ẹ̀méje nínú mẹ́wàá! Òun náà lẹ sì ń pè ní ọ̀gá?" Wọ́n mi orí títí a fi dé ibùdókọ̀ wa. "Háà. Eré yìí mọ ènìyàn."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹgbẹ́ wa jí. N kò mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Àkànní ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń gbẹ̀san, Àlàó ń sáré, Àjàmú kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òkò rẹ̀. Wọ́n ń gun òkè bọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi ku ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Tí a bá borí, a wọ ìdíje Oṣù Kẹwàá. Tí a kò bá borí, àpótí màmá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì ti fi okùn dì í.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà, àlùfáà pe màmá àgbà síwájú láti gbàdúrà ìrìn àjò fún wọn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi di ẹnu mi pa.

A sáré délé, gèlè ṣì wà lórí màmá àgbà. Orin ìdágbére tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gba gbogbo ohùn wọn. Ìdíje náà lọ síwá sẹ́yìn títí ó fi dé ìparí. Àmì kan ni wọ́n fi ṣáájú wa, ẹni wa kan ti dúró lójú ìlà, ó ń retí kí a gbá òun wọlé, ẹni kan ṣoṣo ló sì kù fún wa láti jáde. Àkànní ló jáde.

Màmá àgbà la ẹnu, ohùn kò jáde. Wọ́n wò mí. "Àníkẹ́," ni wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ìwọ ni."

Mo dìde. Mo kì Àkànní pẹ̀lú ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, gbogbo ohun tí mo ní ni mo fi kì í. Ó tàsé èkíní. Ó tàsé èkejì. Ẹ̀kẹta wá: gbàgà! Bọ́ọ̀lù gòkè, ó ń lọ, ó ń lọ, bàbá mi ti fò sókè. Lẹ́bàá ògiri gan-an, ọmọ ẹgbẹ́ kejì fò, ó sì he é lójú sánmà kí ó tó kanlẹ̀; èyí tí wọ́n bá he bẹ́ẹ̀ ti kùnà.

Ó parí. Mo bú sẹ́kún. Mo ní èmi ni, mo ní mi ò pè é dáadáa, mo ní ká ní màmá àgbà ló kì í ni, ì bá ti délé. Màmá àgbà fà mí mọ́ra. Òórùn òrí wà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló sọ fún ọ pé oògùn ni oríkì? A kì í torí kí ènìyàn lè borí kì í. Tó bá borí, ayé á yìn ín. Ìgbà tí kò bá borí ló nílò wa." Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí Àkànní ti ń rìn padà lọ ní òun nìkan. "Wò ó. Kò tíì délé. Dìde, fi oríkì sìn ín délé."

Mo fi omijé kì í títí ó fi wọlé tí a kò rí i mọ́.

Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, èmi ni wọ́n kì. Ohùn wọn ti padà. Wọ́n ń rìn lọ láàárín èrò, wọn kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ wọn: Àníkẹ́, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, títí ariwo èrò fi bo ohùn wọn.

Ó ti pẹ́. Mo ti bímọ tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa kò tíì jáwọ́: dáadáa lónìí, ìbànújẹ́ lọ́la. Ọmọ mi mọ̀ pé tí agbábọ́ọ̀lù kan bá kùnà, tí gbogbo pápá ń bú u, ìyá òun máa dìde dúró. Ojú máa ń tì í. Mi ò jókòó. Ohun tí màmá àgbà fi sí mi lọ́wọ́ nìyẹn, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ sí.

Ọdún tí ara màmá àgbà kò gbé e mọ́, bàbá mi wà lọ́dọ̀ wọn ní Ọ̀yọ́. Ó pè mí ní òwúrọ̀ kan, ó ní wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n ń gbọ́, òun sì ti gbé fóònù sí wọn létí. Mo dìde dúró nínú kíṣìnì. Oríkì wọn kì í ṣe ohun tí màá kọ síbí, ẹnu la fi ń gbé e. Ohùn mi ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀, mi ò dúró. Mo wọ ilé baba wọn, mo wọ ilé ìyá wọn, mò ń tò wọ́n lọ.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn bàbá mi. "Ó tó, Àníkẹ́. Wọ́n ti lọ."

"Dádì," ni mo wí, "ẹ gbé fóònù padà sí wọn létí. Wọn ò tíì délé."