Ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà Tí Mo Tì Lójúmọmọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àmúkòkò l'Ékòó, kò sóhun tí ìyá mi ń tẹnu mọ́ tó ilẹ̀kùn. Bí o bá ń lọ sí ṣáláńgá, ti ilẹ̀kùn. Bí o bá fẹ́ ra búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gbàgbé, kó máa wá ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kiri.

Ẹ wáá wò mí nígbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, pé kí n lọ lo ọlidé. Ẹkún ni mo sun débẹ̀. Àṣé wọn kì í ti ilẹ̀kùn níbẹ̀ lójúmọmọ! Aládùúgbò á wọlé, á mú ẹyin iná nínú ààrò wa, á bu omi àmù mu, á bá tirẹ̀ lọ, bí ìyá àgbà ò tiẹ̀ sí nílé. Ẹnu yà mí. Mo ní orí àwọn èèyàn yìí ò pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà ní ara òun ò yá, ó dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ lọ pọnmi lódò. Mo fa ilẹ̀kùn dé, mo yọ àgádágodo tí ìyá mi fi ti àpótí mi, mo fi tì í níta, kí olè má baà wọlé bá arúgbó.

Nígbà tí mo fi máa dé, èrò ti kún iwájú ilé wa, wọ́n ti já ilẹ̀kùn sílẹ̀. Korobá bọ́ lórí mi. Olè ni mo pè wọ́n, mo ń ké. Ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé jáde. Ó ti ṣubú lẹ́bàá àmù, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e dé ojú títì, wọ́n dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró, ó di ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ìyàwó ilé kejì, tó fẹ́ wá mú iná, ló kọ́kọ́ rí àgádágodo náà. Mo rò pé yóò gbá mi létí ni. Ó kàn ní, “Ọmọ Èkó, ilẹ̀kùn ìyá ò tì lójúmọmọ rí. Bí mo ṣe rí i pé ó tì, àyà mi já, ni mo bá figbe bọnu.”

Ẹkún tí mo sun nígbà tí ọlidé parí ju èyí tí mo sun débẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Olódì-Àpápá ni mo wà báyìí. Ilẹ̀kùn onírin ni gbogbo wa ní. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tá a jọ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà kú sínú yàrá rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tì láàárọ̀, ó tì lálẹ́, ó tún tì lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa sì ń kọjá níbẹ̀. Ta ni yóò fura sí ilẹ̀kùn tó tì l'Ékòó? Ọmọ rẹ̀ tó gbé oúnjẹ ìṣínu wá ló bá a bẹ́ẹ̀. Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní lábúlé pàápàá, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn báyìí.

Èmi ò ti tèmi lójúmọmọ mọ́. Inú ń bí àkọ́bí mi, ó ní, “Mọ́mì, olè á wọlé bá yín o.” Mo ní kó jẹ́ kí olè wọlé. Bí ó bá bá mi nílẹ̀, ó kéré tán, ẹnìkan ti rí mi.