Ọjọ́ Tí A Fẹsẹ̀ Rìn Lọ sí Họ́sítẹ̀lì Dayọ̀

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí èmi àti Mọ́mì fẹsẹ̀ rìn láti Ìdímù lọ sí họ́sítẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi, Dayọ̀.

Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa ríran pé kí Mọ́mì wọ sùtánà funfun, kí ó fẹsẹ̀ rìn lọ gbàdúrà fún un. Ẹni tó bá sì wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣètò ìrìn náà: ibi tí a ó ti sinmi, ibi tí a ó ti bu omi, irú ẹran tí a ó dín fún Dayọ̀.

A jáde ní ìdájí, èmi náà wọ sùtánà tèmi. Nígbà tí a kọjá Ayọ̀bọ̀, títì ọlọ́dà tán, òkúta bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ Mọ́mì ń ṣẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọrin.

A dé géètì, máìgádì ránṣẹ́ pe Dayọ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ jáde. Ó wo ẹsẹ̀ wa.

"Mi ò mọ̀ wọ́n o, jàre," ó wí fún máìgádì. "Dayọ̀ míì ni wọ́n ń wá."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bú u, Mọ́mì fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Òótọ́ ló sọ, ọ̀gá," ó dá máìgádì lóhùn. "Dayọ̀ tiwa kọ́ lèyí."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ògiri họ́sítẹ̀lì náà, ó gba àdúrà tó tìtorí rẹ̀ wá, a sì gbé ẹran wa padà sílé.

Àdúrà náà gbà, Dayọ̀ yege. Ó ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ayọ̀bọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe Mọ́mì lórí fóònù pé kí ó wá wo ilé náà.

Mọ́mì bi í pé, "Ṣé kí n wọ bàtà wá?"