Màgòmágó Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láìbọ́ bàtà, bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Agége. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ló ti kọ màgòmágó géèmù tí mo fi ń yangàn títí dòní.

Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọ̀rá ló gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀ nínú géèmù oníbọn tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń gbá. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìbọn rẹ̀ ò dúró lójú kan mọ́. Ó pa géèmù tì.

Ni ìyàwó rẹ̀ bá kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń bá a di ìbọn mú. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, kò lè ṣí lórí òmíràn. Bí àwọn tó ni géèmù bá ṣàtúnṣe sí i, ètò rẹ̀ á kọṣẹ́, òun náà á sì tún un kọ. Ó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ náà lójúkojú: "Mo ń ràn án lọ́wọ́ o. Ẹni tínú ń bí kó sọ." Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ máa bọ̀ wá gbá a.

Òkìkí ètò náà kàn dé GRA. Ọkùnrin kan wá bẹ̀ ẹ́: "Mádàámú, ẹ tà á fún mi. Èmi nìkan ni màá lò ó."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọwọ́ yín pé, ẹ ṣọpẹ́. Ẹ lọ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a."

Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá kan wá láti Àgídìngbì, apá òsì rẹ̀ ti rọ. Ojú ń tì í láti sọ ohun tó bá wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fa àga fún un.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà."